Iye Kan Náà, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀tọ̀: Odù Ifá, Òfin Kọ̀ǹpútà àti Ibi Tí Àsọtẹ́lẹ̀ Dé Dúró

Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń ṣe fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ifá dídá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó fi ṣe àkọlé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tí ì fojú rí kọ̀ǹpútà rí, àwọn kan sì wà tí wọ́n ka Ifá sí ohun tí kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé dárúkọ nínú gbọ̀ngàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìgboyà wà nínú àkọlé náà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò rí bákan náà gbogbo. Àfiwé ti di ìjẹ́rìí. Lónìí, ó wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, láìwá ẹ̀rí kankan, pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àwọn baba ńlá Yorùbá, àti pé nítorí pé àmì méjì péré ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, àmì méjì tí ó wà nínú Ifá tó láti kó gbogbo ìṣe ẹ̀dá já.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó so kọ́ra nínú gbólóhùn yẹn. Èkíní jẹ́ ti iye, òótọ́ sì ni. Èkejì jẹ́ ti àsọtẹ́lẹ̀: pé ẹni tí òfin kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní gbogbo ohun tí òfin náà yóò bí lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe òótọ́ nípa Ifá. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé kì í ṣe òótọ́ nípa kọ̀ǹpútà pàápàá, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti iye kò gba àkókò. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikin ni babaláwo ń lù, bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù sí ọwọ́ òsì, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀ròsùn. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, ìlà kan. Yálà ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni tàbí ikin, ìpinnu mẹ́jọ ni, èsì méjì-méjì: ojú odù 16, ọmọ odù 240, àpapọ̀ 256.

Iye 256 kan wà tí àwọn tí ó ń fi Ifá wé kọ̀ǹpútà kì í sábàá mẹ́nu kàn, ó sì jẹ́ èyí tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n láfiyèsí jù lọ. Nínú ìwé ńlá kan tí Stephen Wolfram tẹ̀ jáde ní 2002, A New Kind of Science, tí ó ju ẹgbẹ̀rún ojú ìwé lọ, òfin 256 ni ìpìlẹ̀ gbogbo àríyànjiyàn. Kí òǹkàwé fojú inú wo ìlà àpótí kan tí ó gùn lọ sọ́tùn-ún àti sósì láìlópin, tí àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ dúdú tàbí funfun. Láti mọ àwọ̀ tí àpótí kan yóò ní nínú ìlà tí ó kàn, ohun mẹ́ta péré ni wíwò: àpótí náà fúnra rẹ̀, èyí tí ó wà lósì rẹ̀, àti èyí tí ó wà lọ́tùn-ún. Àwọ̀ àpótí mẹ́ta lè tò ní ọ̀nà mẹ́jọ. Iṣẹ́ òfin kò ju pé kí ó sọ, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́jọ náà, bóyá dúdú ni yóò jáde tàbí funfun. Ìpinnu mẹ́jọ, èsì méjì-méjì. Òfin 256 ni ó wà, Wolfram sì fún wọn ní nọ́ńbà láti 0 dé 255.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni ti nọ́ńbà 30. Gbogbo rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: bí àpótí kan àti èyí tí ó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ bá funfun, kí ó gba àwọ̀ èyí tí ó wà lósì; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó gba òdìkejì àwọ̀ náà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi pẹ́ńsùlù àti ìwé onílà ṣe é. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí dúdú kan ṣoṣo, tí ó sì ń ka àwọn àpótí àárín gangan láti òkè wá sílẹ̀, yóò rí dúdú, dúdú, funfun, dúdú, dúdú, dúdú, funfun, funfun, dúdú, dúdú, funfun, funfun, funfun, dúdú. Kò sí ẹni tí ó rí ètò kan nínú rẹ̀. Àìlétò rẹ̀ pọ̀ débi pé Wolfram fi í pèsè nọ́ńbà aláìlétò nínú Mathematica, ètò ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń tà. Kò sí àṣírí kankan nínú òfin náà, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn, kò sí àṣìṣe ìwọ̀n. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ àwọ̀ àpótí àárín ní ìlà ẹgbẹ̀rún, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ju kí ó máa to ìlà lé ìlà títí yóò fi débẹ̀. Computational irreducibility ni Wolfram pe irú ipò yìí. Àìlábùjá ni ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ní èdè Yorùbá. Àwọn àgbà ti sọ pé kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́rùn òfin 30, ó kéré tán títí di ìgbà tí ẹnìkan yóò rí i.

Àfikún tí ó kẹ́yìn gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni lámèyítọ́ sì ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìwé Wolfram. Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀bùn $30,000 kalẹ̀ fún ìbéèrè mẹ́ta lórí àwọn àpótí àárín yẹn. Ṣé wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara wọn sọ láé? Ṣé iye dúdú àti funfun yóò dọ́gba bí ó bá pẹ́? Ṣé iṣẹ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó mọ àwọ̀ ìlà kan kò lè dín ní gbogbo ọ̀nà sí iye ìlà tí ó ṣíwájú rẹ̀? Ìbéèrè kẹta ni àìlábùjá gan-an. Ẹni tí ó fi àìlábùjá ṣe òpó ìwé rẹ̀ ní 2002 ni ó ń wá ẹni tí yóò bá a fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 17 lẹ́yìn náà, lórí àpẹẹrẹ tí ó fẹ́ràn jù. Kò sí ẹ̀sín nínú èyí, nítorí ìbéèrè náà le. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé “kò sí ẹni tí ó mọ àbùjá” àti “kò sí àbùjá” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé náà sì máa ń fo láti orí èkíní sí orí èkejì pẹ̀lú ìrọ̀rùn tí ó pọ̀ jù.

Pé àbùjá lè wà níbi tí ojú kò rò ó ni òfin 90 ń kọ́ni. Òun náà rọrùn bíi ti 30: dúdú bí òsì àti ọ̀tún bá yàtọ̀ síra, funfun bí wọ́n bá jọra. Àwòrán rẹ̀ kún fún onígun mẹ́ta nínú onígun mẹ́ta, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i sì lè rò pé òun náà kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé sọ. Bí wọ́n bá ka ìlà àkọ́kọ́ sí ìlà òdo, kí ènìyàn kọ nọ́ńbà ìlà tí ó ń wá ní ọ̀nà oní-òdo-àti-ọ̀kan, kí ó ka iye ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì sọ méjì di ìlọ́po ara rẹ̀ ní iye ìgbà yẹn. Ọ̀kan méje ni ó wà nínú 1,000,000 bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí, nítorí náà àpótí dúdú 128 gééré ni ó wà nínú ìlà yẹn. Kò sí ẹni tí ó nílò láti ya ìlà kan ṣoṣo kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Òfin 110 ni ó sún mọ́ ìdájọ́ pátápátá. Matthew Cook tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 2004 pé bí wọ́n bá to àpótí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, kò sí ìṣirò tí kọ̀ǹpútà kankan lè ṣe tí òfin yìí kò lè ṣe. Láti ìgbà náà, ohun tí Alan Turing fi hàn ní 1936 ti dè é mọ́lẹ̀: kò sí ìlànà kan ṣoṣo tí ó lè sọ tẹ́lẹ̀, fún gbogbo ètò ìṣirò tí ó lè wà, bóyá ètò náà yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí yóò máa yí lọ títí ayé. Níhìn-ín, kì í ṣe pé àbùjá sọnù sínú igbó. Àbùjá tí yóò wúlò fún gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ kò sí rárá. Òǹkàwé tí ó bá ti mọ iṣẹ́ Edward Lorenz ti 1963 lórí ojú ọjọ́ kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ojú ọjọ́ le láti sọ nítorí pé àṣìṣe kékeré nínú ìwọ̀n òní máa ń di ńlá lọ́la. Nínú òfin 110, ìbẹ̀rẹ̀ hàn kedere, òfin hàn kedere, òpin nìkan ni kò hàn.

Síbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, Wolfram ìbá sì ti ṣe dáadáa bí ó bá fún apá yìí láyè púpọ̀ sí i. Navot Israeli àti Nigel Goldenfeld fi hàn ní 2004 pé bí ènìyàn bá kó àpótí jọ ní ìdì-ìdì, tí ó gbà láti gbàgbé díẹ̀ nínú ohun tí ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ó lè rí òfin tí ó rọrùn láti sọ tẹ́lẹ̀, kódà nínú òfin 110. Ẹni tí kò bá béèrè gbogbo nǹkan lè rí ìdáhùn gbà. Ààlà àsọtẹ́lẹ̀, nígbà náà, kò sinmi lórí òfin nìkan. Ó sinmi lórí irú ìbéèrè tí wọ́n bi í.

Wàyí o, kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú Ifá? Ẹni tí iye 256 bá ti gbà lọ́kàn lè fẹ́ fi odù kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ òfin kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá kọ òfin 30 ní ọ̀nà oní-òdo-àti-ọ̀kan, 00011110 ni. Kí ìlà kan dúró fún ọ̀kan, kí ìlà méjì dúró fún òdo. Ìdá àkọ́kọ́, 0001, jẹ́ Ọ̀kànràn; ìdá kejì, 1110, jẹ́ Ògúndá. Ọ̀kànràn-Ògúndá ni, bí wọ́n bá fi ìdá àkọ́kọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sí apá òsì, ó di Ògúndá-Ọ̀kànràn. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ àmì, tí ìlà kan di òdo tí ìlà méjì di ọ̀kan, ó tún di Ògúndá-Ọ̀kànràn. Ní ti kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tí ó yí padà, òfin 30 ni títí láé, àmì tí wọ́n fi kọ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ní ti Ifá, odù méjì ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹsẹ wọn yàtọ̀, kò sì sí babaláwo tí yóò ki ọ̀kan nígbà tí èkejì bá hu. Níhìn-ín ni àfiwé náà ti já. Odù kì í ṣe òfin tí ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àdúgbò ṣe jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wá ilé.

Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere sí i bí wọ́n bá gbé Ifá sí ẹ̀gbẹ́ yanrìn títẹ̀ tí àwọn àáfà ń ṣe. Ron Eglash, nínú African Fractals tí ó jáde ní 1999, kọ nípa irú yanrìn títẹ̀ tí àwọn Bamana ń ṣe, ó sì tọ́ka sí ohun kan tí àwọn olùfiwé sábà máa ń gbé wọ Ifá láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìlànà yanrìn tí ó tàn káyé láti ilẹ̀ Lárúbáwá, àwòrán mẹ́rin péré ni atẹyanrìn ń gbà láti inú àmì tí ó sáré tẹ̀. Àwọn yòókù, ìṣirò ni ó ń bí wọn: wọ́n ń yí mẹ́rin náà padà, wọ́n ń pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, àmì tí ó bá jọra ń di méjì, èyí tí ó bá yàtọ̀ ń di ọ̀kan. Èyí jẹ́ òfin ní tòótọ́, ó ń jẹ èso ara rẹ̀ láti bí òmíràn, bíi ti Wolfram. Ohun tí ó wuni jù ni pé ó ní àbùjá. Àwòrán tí wọ́n fi parí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní onídàájọ́, kò lè ní iye àmì tí kò ṣeé pín sí méjì, ohun yòówù kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé gbogbo àmì àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwòrán 16 tí ó wà, mẹ́jọ péré ni ó lè di onídàájọ́. Ẹni tí kò tí ì fọwọ́ kan yanrìn lè sọ ìyẹn.

Ifá kò ní irú nǹkan yìí. Babaláwo kì í pa Èjì Ogbè pọ̀ mọ́ Ìwòrì Méjì kí ó lè ṣírò odù kẹta. Bí ó bá fẹ́ odù mìíràn, yóò tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá sọ pé Ifá jẹ́ òfin kékeré tí ń bí ohun ńlá ti fi ìwà yanrìn títẹ̀ wọ Ifá láṣọ, ó sì dà bí ẹni pé ìyìn ni. Kì í ṣe ìyìn. Ibi tí Ifá ti tóbi kò sí nínú 256. Ó wà nínú ẹsẹ tí kò lóǹkà tí ó rọ̀ mọ́ odù kọ̀ọ̀kan, tí kò sí òfin tí ó lè ti inú àmì mẹ́jọ fa ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn jáde. Kò sí ohun kan nínú bí ìlà Òtúrá ṣe rí tí ó sọ fún ènìyàn ìtàn tí wọ́n ń pa nínú Òtúrá. Ọdún àti ọdún ni ọmọ awo fi ń kọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá ń wá àìlábùjá nínú Ifá, ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ.

Wande Abimbọla ti ya ẹsẹ sí ìpín mẹ́jọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1976: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí ó dífá fún, ìdí tí ó fi dífá, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde, bí ara rẹ̀ ti rí, àti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ìpín karùn-ún ni kí òǹkàwé tẹjú mọ́. Ẹni inú ìtàn lè rúbọ, ó lè kọ̀. Ohun tí ó bá ṣe ni ìpín kẹfà ń tẹ̀lé. Ìtàn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ni wọ́n fi ń gba ẹni tí ó jókòó nímọ̀ràn, bí adájọ́ ṣe ń wo ẹjọ́ àtijọ́, ẹni náà ni yóò sì pinnu. William Bascom, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1969 pé ẹni tí ó wá dífá lè sọ ìbéèrè rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó láìjẹ́ kí babaláwo gbọ́, àti pé òun ni yóò mọ ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nínú èyí tí babaláwo ń ki. Nítorí náà, ètò orí fóònù tí ó ń yan odù láìlétò, tí ó sì ń tẹ ẹsẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ jáde, kò ṣe àṣìṣe níbi odù. Ohun tí ó yọ kúrò ni ẹni tí ó wá dífá, ẹni tí etí rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó kọ ọ́ gba gbólóhùn “Ifá ni kọ̀ǹpútà” gbọ́ bí ó ti wà, wọ́n sì kọ kọ̀ǹpútà.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ń wá ni òfin kékeré tí ń bí ìwà tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, ó wà lábẹ́ igi ní ẹnu ọ̀nà. Ayò ọlọ́pọ́n ní ihò 12 àti ọmọ 48, òfin rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ́ ọmọdé, kò sì sí ọ̀ràn orí tàbí kádàrá nínú rẹ̀: gbogbo ọmọ ayò ni ó hàn sí ojú òpè àti ọ̀ta bákan náà. Nínú ìwé tí ó fi Yorùbá àti ìṣirò pọ̀, ó yani lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń fi ìlà kan tàbí méjì kọjá lára ayò kí wọ́n tó sáré lọ sí orí Ifá. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yanjú awari, ìyekan ayò tí wọ́n ń ta lórí ọpọ́n kan náà pẹ̀lú iye ọmọ kan náà, tí òfin jíjẹ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọn kò rí àbùjá. Ìrísí ọpọ́n 889,063,398,406 ni ẹ̀rọ wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè sọ pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Ìdáhùn tí ó jáde jẹ́ tábìlì gbàǹgbà kan, kì í ṣe àlàyé: ó sọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti bu ayò, kò sọ ìdí. Ọ̀ta ayò kò ní tábìlì yẹn lórí. Ó ń ka odù tí ọ̀tá rẹ̀ ń kó jọ, ó ń ṣírò ìgbà tí ọmọ yóò tán lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń fi ihò kan sílẹ̀ lófo kí ẹlòmíràn lè ṣìnà síbẹ̀, ó sì ń borí. Ohun tí ó mọ̀ gan-an, àti bí ó ṣe gbàgbé ìyókù láìpàdánù, ni iṣẹ́ Israeli àti Goldenfeld fún ènìyàn ní ọ̀nà láti béèrè, èdè àwọn atayò fúnra wọn sì ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lè dáhùn rẹ̀.